Ìka Tí Ó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé: Ẹ̀kọ́ Láti Ọjà Àpòmù

Nígbà tí ìkà bá ṣe ará ilé ẹni léṣe, ohun méjì ni ó máa ń dìde pọ̀ ní ọkàn ènìyàn: àánú ẹni tí a pa lára, àti ìbínú sí ẹni tí ó pa á lára. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Àánú ni ó ń so ẹbí pọ̀. Ìbínú ni kì í jẹ́ kí ìlú gba ìyà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìbínú a máa fẹ́ gbòòrò ju ẹni tí ó ṣẹ̀ lọ, kí ó kan àwọn ará ilé rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń sọ èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni oríta wà. Ọ̀rọ̀ oríta yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, a ó sì gbé e ka orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù ní ìgbà àwọn baba wa.

Àpòmù àti Ìkirè kò jìnnà sí ara wọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni méjèèjì wà lónìí. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan. Èrò ọkọ̀ tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ agbègbè náà, bí kò tilẹ̀ ju ti dòdò Ìkirè tí ó ń rà jẹ ní ojú ọ̀nà. Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn, abẹ́ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà, ọjà rẹ̀ sì ni ibi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò. Àlùfáà Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a tẹ̀ lé nínú ìtàn tí ó kàn yìí.

Gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ ní ọjà náà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ewu rẹ̀ wu jù, nítorí ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá. Bí a bá jí ọ̀kan nínú wọn tà, kí ará ilé rẹ̀ tó gbọ́, ó ti di ẹrú ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Aláàfin Abíọ́dún, tí ó wàjà ní nǹkan bí ọdún 1789, ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni àti sí Olówu pé kí wọ́n fi òpin sí ìwà yìí. Àwọn náà sì pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kí ó máa ṣọ́ ọjà, kí ó sì mú ẹnikẹ́ni tí ó bá dán irú rẹ̀ wò. Kí a kíyè sí ọ̀nà tí Aláàfin gbà: kò kó ogun lọ bá ìlú, ó bi àwọn tí ó ní àṣẹ lórí ìlú.

Láìpẹ́ àṣẹ náà bá ẹni ńlá. Awólẹ̀, ọmọ ọba Ọ̀yọ́ tí kò tí ì jọba nígbà náà, máa ń ná ọjà Àpòmù. Ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó bá a rin ìrìn àjò sí oko ẹrú. Àwọn àgbà wa wí pé ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kò ní rí i rà ní ọ̀wọ́n mọ́. Baálẹ̀ gbọ́, ó gba ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì ní kí a na Awólẹ̀ ní ẹgba. Baálẹ̀ ìbá ti rí àwáwí: ọmọ ọba ni ọ̀daràn, àlejò tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ ni ẹni tí a tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe ní ibi ni ó dúró tì.

Nígbà tí Awólẹ̀ jọba, wọ́n bi í, gẹ́gẹ́ bí àṣà, pé ta ni ọ̀tá Kábíyèsí tí a ó kọ́kọ́ gbógun tì. Ó dárúkọ Baálẹ̀ Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí ààfin Ọọ̀ni, ṣùgbọ́n Ọọ̀ni pàápàá kò lè gbà á sílẹ̀. Kí ogun má baà pa ìlú rẹ̀ run nítorí rẹ̀, ó pa ara rẹ̀. A sì gé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ láti fi tu ọba lójú. Ọba fẹ́ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí san ẹgba tí òun fúnra rẹ̀ jẹ̀bi rẹ̀. Baálẹ̀ fi ẹ̀mí kan ṣoṣo dá a dúró.

Ìjínigbé kò tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ti ń fọ́, Adégún Oníkòyí àti Tóyèjẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó fi ìyà jẹ àwọn ìlú Ifẹ̀ tí a ti ń jí Ọ̀yọ́ tà. Ìfẹ́ ará ilé ni ó mú wọn ṣe é, a kò sì lè bá wọn wí nítorí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n Òwu kò wá gbọ́mọgbọ́mọ. Ìlú ni ó wá. Ó fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú Ifẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àti aṣebi àti aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ifẹ̀ jáde láti gbẹ̀san, Òwu sì ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìjà lórí atare bẹ́ sílẹ̀ láàrin ará Òwu àti Ìjẹ̀bú ní ọjà Àpòmù. Ó di ogun, Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n dó ti Òwu fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, títí ìyàn fi wọ inú odi, tí ìlú sì fi túká.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó dùn wá jù. Nínú ogun tí ó pa Òwu run, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò ní ilé wọn wà níbẹ̀: àwọn ará Ọ̀yọ́ kan náà tí Òwu tìtorí wọn fa idà yọ. Ọmọ ogun yìí kò padà sílé. Wọ́n kọjá lọ fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn tí a kó lẹ́rú nínú ogun wọ̀nyí pọ̀ ju àwọn tí a jí ní ọjà Àpòmù lọ fíìfíì. Ẹ̀san tí a fẹ́ fi dá òwò ẹrú dúró ni ó wá ń bọ́ ọ.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣé ìlú tí ó ń jẹ èrè ọjà ẹrú mọ́ ni? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́, àti ẹni tí ó gba owó òde níbẹ̀, ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn ní orúkọ, a sì lè pè wọ́n sí ẹjọ́. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò ní ẹ̀bi kankan. Òfin Mósè, tí àwọn Júù gbà, wí bákan náà pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba.

A mẹ́nu kan àwọn Júù nítorí pé ní ayé òde òní wọ́n ti dé oríta yìí léraléra. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1018 ó lé 1000, èyíinì ni 2018, ọkùnrin kan wọ sínágọ́gù kan ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ó sì yìnbọn pa ènìyàn 11. Ara ohun tí ó ń bí i nínú ni pé ẹgbẹ́ Júù kan ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílùú lọ́wọ́. Àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà dá owó tí ó lé ní 200,000 dọ́là fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019, ẹlòmíràn pa Mùsùlùmí 51 ní mọ́sáláṣí méjì ní Christchurch ní New Zealand; ẹgbẹ́ àwọn Júù Pittsburgh, tí omijé wọn kò tí ì gbẹ, dá owó ránṣẹ́ sí wọn. Wọn kò gbàgbé òkú tiwọn. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ìjínigbé tún ti wà ní ojú ọ̀nà ilẹ̀ wa, òun ni ó mú kí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹnì kan kú, ó sì di ìjà Yorùbá àti Haúsá. A dáná sun ilé àti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ohun tí ó fa ìjà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, a pa ènìyàn bí 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a má bínú sí èyí kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìbínú mọ ilé ẹni tí ó ń lọ bá.

Nítorí náà ni a fi ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ogun Òwu, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí atare nìkan, bí ẹni pé ìjà ọlọ́jà lásán ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Baálẹ̀ tí ó na ọmọ ọba nítorí àlejò. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ó gé, ìka ọmọ ọba ni ìbáà jẹ́. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gé ọwọ́, wọ́n gé apá, wọn kò sì rí ọmọ tí wọ́n ń wá.