Ìdánwò àwọn ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà: kí ni èsì rẹ̀ ń sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́?

Nígbà tí èsì BAC bá jáde nílùú wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: mélòó ló yege nínú ọgọ́rùn-ún? Àwa tí a ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kò tó. Ẹ jẹ́ ká wo ti àwọn ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà.

Níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé ẹnjiníà tán kò tíì lè fọwọ́ sí àwòrán afárá tí ará ìlú máa gbà kọjá. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ìdánwò FE ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ NCEES ló ń ṣe é: ìbéèrè 110, lórí kọ̀ǹpútà láti 2014. Ibi yòówù kéèyàn ti kàwé, òṣùwọ̀n kan náà ni, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn yunifásítì máa fi yẹ ara wọn wò.

Ohun tó wúlò jù kì í ṣe iye àwọn tó yege. NCEES máa ń fi èsì ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ìṣirò lọ́tọ̀, ìmọ̀ omi lọ́tọ̀, ìmọ̀ ilẹ̀ tí a ń kọ́lé lé lọ́tọ̀, pẹ̀lú bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ṣe ṣe. Ká ní àwọn ọmọ kan mọ ìṣirò ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ fà wọ́n sẹ́yìn. Olùkọ́ tó gbọ́n ò ní kọ́kọ́ bá wọn wí o. Á bèèrè bóyá wọ́n tiẹ̀ ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó lọ ṣèdánwò.

Ẹ tún wo àwọn tó jókòó ṣe é. Ní yunifásítì tí kì í ti í ṣe dandan, àwọn tó dá ara wọn lójú nìkan lè lọ, èsì á sì dán. Ibi tó bá jẹ́ dandan láti ṣe é, tí kò sì pọn dandan láti yege, àwọn kan á kàn máa tẹ ìdáhùn ṣáá kí wọ́n lè tètè jáde. Bí ọmọ 8 péré ló bá ṣe é, ẹnì kan tó bá kùnà ti fa èsì wálẹ̀ ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ!

Ìdánwò náà kò sì lè rí bóyá ọmọ lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, tàbí bóyá ó lè ṣàlàyé fún àwọn àgbà ìlú ìdí tí afárá kò fi yẹ níbi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí. ABET, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbẹ̀, ń bèèrè irú ìyẹn náà, nítorí náà àwọn olùkọ́ ní láti wá ẹ̀rí rẹ̀ níbòmíràn, nínú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ jọ ṣe.