Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Ti Ń Kọ́ Ọmọ Níṣẹ́

Kí oòrùn tó mú láàárọ̀, wọ́n ti ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Àgbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ọwọ́ ọmọṣẹ́ tó wọlé gbẹ̀yìn ni ìgbálẹ̀ wà. Bó bá gbálẹ̀ tán, á ṣa abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì tó já bọ́ lánàá, á da epo sí máṣíìnì, á sì lọ pọnmi. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó na sísọ́ọ̀sì sí i. Bí wọ́n bá tilẹ̀ nà án sí i, bébà síméńtì ni yóò kọ́kọ́ fi gé, kì í ṣe aṣọ.

Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tó bá àwọn òbí rẹ̀ wálé lásìkò ìsinmi, á wò ó títí, á wá bèèrè pé ṣé wọ́n ń kọ́ ẹni yìí níṣẹ́ ni àbí wọ́n gbà á ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kì í ṣe ìbéèrè àfojúdi. Òbí púpọ̀ ni kò sì rí ìdáhùn fún un ju pé "bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ìdáhùn wà nínú ìgbálẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn àjákù aṣọ tí ọmọ náà ń gbá jọ ni ìwé àkọ́kà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín àǹkárá àti gíníì, tó sì ń rí i pé etí léèsì kì í ṣe ohun tí a ń gé bó ṣe wù wá. Ó ń gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bẹ oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò tíì yá, ó ń gbọ́ iye tí wọ́n dá lé búbá àti ìró. Ọ̀gá náà ń wo tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀: ṣé owó tó bọ́ sílẹ̀ lápò oníbàárà yóò padà sórí tábìlì? Ẹni tí a óò fi aṣọ ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni síkàáwọ́ rẹ̀ lọ́la, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọwọ́ rẹ̀.

Ìkíni tún máa ń ya àwọn ọmọ òkè òkun lẹ́nu. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 26 lè máa pe ọmọ ọdún 17 ní "bọ̀ọ̀dá" nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí ọmọ ọdún 17 náà sì máa rán an níṣẹ́ lọ ra ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí kálukú wọlé ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bó ṣe ń rí nílé ọkọ náà nìyẹn: ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí ẹni tó tẹ̀lé e tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀gá kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó ti ọmọṣẹ́ tuntun, torí ó ń gé aṣọ, ó sì ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ àgbà ló ń kọ́ àwọn tó tẹ̀lé wọn. Bí ẹni ọdún 26 kò bá lè tẹrí ba fún ọmọ ọdún 17 yẹn, ta ni yóò fi bí wọ́n ṣe ń ti abẹ́rẹ́ bọ máṣíìnì hàn án?

Àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé inú orúkọ wọn ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó ń jẹ́ Àyándélé tàbí Àyántúndé, ìran onílù ni wọ́n. Ọnàbánjọ àti Ọnàdípẹ̀ ń tọ́ka sí àwọn oníṣẹ́ ọnà, bí Ògún sì ṣe ń bẹ nínú orúkọ alágbẹ̀dẹ náà ló ń bẹ nínú ti ọdẹ. Òbí tó wà ní Peckham ní London, tó ń jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí, ní ìtàn tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé bàbá ló máa ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ dandan. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo. Aréògún ará Òsì, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara báyìí, wà lára àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀kan lára àwọn tí bàbá yìí kọ́ níṣẹ́ ni ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ bàbá kì í le lára ọmọ rẹ̀, àti pé ìyá ọmọ wà nítòsí tí yóò máa bẹ̀bẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ilé bàbá òun ni òun wà.

Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, Bándélé sì wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ bá a. Ará Ìlá Ọ̀ràngún ni Lamidi. Ìran karùn-ún ni òun jẹ́ nínú ìdílé tó ń gbẹ́ igi, ó sì ti ń gbẹ́gi láti kékeré lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó tún padà di ọmọṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lábẹ́ Bándélé. Ẹ ronú rẹ̀ wò: ẹni tó mọ iṣẹ́ tún lọ jókòó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà? Carroll kọ orúkọ ìpele rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé *Yoruba Religious Carving* tó jáde ní 1967. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọ́n á fi àáké bu igi náà títí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà á fi hàn. Àlétúnlé ló tẹ̀lé e, níbi tí orí ti ń di ojú, imú àti etí. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ pa ojú àáké rẹ́ kí ara igi lè jọ̀lọ̀. Fífín ló kẹ́yìn, ìyẹn ni kíkọ ilà ojú, irun dídì àti àwọn àmì wẹ́wẹ́ sí i lára.

Ọ̀gá ló ń lé ọnà. Àáké tó bá gé imú ère kúrò, kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Dídán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọṣẹ́, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ kò ti lè ba igi jẹ́ pátápátá, bí ó sì ṣe ń fi ọ̀bẹ tọ ipa àáké ọ̀gá ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́ ìrìn àáké náà. Iṣẹ́ ọ̀hún, láti ìparí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bọ̀ wá síbi ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní Àgbowó. Bọ́tìnnì gbígbà ló ń ṣáájú, tí bọ́tìnnì kò bá sì dára, ọ̀gá á ní "tú u," kò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni etí aṣọ kíká, àti áyọ́ọ̀nù. Ìránṣọ ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ gígé, tó jẹ́ pé òun ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ló ń kẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́. Aṣọ tí a rán tí kò dára ṣeé tú. Èyí tí sísọ́ọ̀sì ti là, ó di ohun tí ọ̀gá máa san owó rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíkì tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, wà lára iṣẹ́ ọwọ́ Lamidi. Mùsùlùmí ni Lamidi, ìyẹn kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1978, àjọ UNESCO dá a lọ́lá ní 2006, ó sì dolóògbé ní 2009. Àwọn ọmọ ìdílé rẹ̀ bíi Bísí Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun náà.

Àdéhùn ló ń so ọmọ mọ́ ọ̀gá. Ẹbí á mú ọmọ lọ, wọ́n á san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹnì kan á dúró fún un, wọ́n á sì buwọ́ lùwé lórí iye ọdún tí yóò lò. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, ọ̀gá ló ń fún ọmọṣẹ́ lówó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀ bó bá sìn tán. Ti Yorùbá yàtọ̀, ẹbí ọmọ ló ń náwó. Kí ọmọ London má sì rò pé Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú èyí: òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1563 fi dandan lé e pé kí ọmọṣẹ́ lo ọdún méje lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ìparí àdéhùn ni fírídọ̀mù. Láti Dùgbẹ̀ dé Challenge ní Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí ìrẹsì, mínírà àti onífọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí tàbí mẹkáníìkì lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ṣàdúrà, á fún un ní ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú ohun èlò iṣẹ́. Àdúrà yìí ni àwọn òbí ń dúró dè, torí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó parí, iṣẹ́ náà kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn ọ̀gá kan ń ba ètò yìí jẹ́. Wọ́n á sọ ìgbálẹ̀ oṣù mẹ́ta di ọdún kan ìfọṣọ nílé ìyàwó wọn, bó bá sì di ọjọ́ fírídọ̀mù, wọ́n á tún béèrè owó tí kò sí nínú àdéhùn. Ìyẹn kì í ṣe àṣà, ìrẹ́jẹ ni. Òun wà lára ohun tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sídìí ọ̀kadà, tàbí sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní oṣù mẹ́fà péré, níbi tí kò ti sí ìgbálẹ̀ rárá, tí owó rẹ̀ sì wọ́n jù.

Ìdílé tó bá ń bọ̀ wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Bódìjà tàbí Ring Road. Kí àgbàlagbà kan nínú ẹbí mú un lọ fúnra rẹ̀, kó dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, kó sì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí wọ́n tètè kọ́ ọmọ náà ní gígé torí pé ọjọ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ní kí ọ̀gá fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì kan àti bọ́tìnnì méje, kí ó sì máa tú èyí tí kò bá dára títí yóò fi jókòó dáadáa.