Ta ló gbé àwòrán ẹ̀yìn rédíò lọ?

Ẹni tó bá tú rédíò tàbí tẹlifíṣàn àtijọ́ rí lè rántí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páálí ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí tí wọ́n ká sínú ìwé ìlò rẹ̀. Àwòrán ọ̀nà tí iná ń gbà láti páàtì kan dé òmíràn ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe rédíò fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọ́n gbà pé rédíò á bàjẹ́, ẹnìkan á sì tún un ṣe. Nígbà yẹn, ta ni yóò bi ẹnjiníà rédíò l'Ákúrẹ́ tàbí l'Óǹdó pé ta ló fún un láṣẹ?

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, àwòrán sì di àwátì. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe wá a gba ẹ̀yìn: àwọn ará Ṣáínà ló ń tà á lórí kọ̀ǹpútà, owó ọdọọdún ni. Páàtì ń bọ̀ láti Computer Village n'Íkẹjà, wáyábíìlì ló ń gbé e wá nínú bọ́ọ̀sì. Òkú fóònù pàápàá kì í ṣòfò, wọ́n á yọ ojú rẹ̀ fún alààyè.

Ní 2011, Apple fi síkúrúù ẹlẹ́nu márùn-ún dé iPhone 4, èyí tí irinṣẹ́ ọwọ́ aráyé kò wọ̀. Kò pẹ́ tí irinṣẹ́ tó wọ̀ ọ́ fi dé orí àtẹ. Ìyẹn ṣì jẹ́ eré. Nígbà tó yá, wọ́n fi nọ́ńbà so páàtì mọ́ fóònù: nígbà náà, bí wọ́n bá fi ojúlówó bátìrì iPhone kan sínú òmíràn, fóònù náà máa ń kọ ọ́ sójú pé òun ò dá a mọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá ààyè wọn, nítorí ẹni tó mọṣẹ́, tí páàtì rẹ̀ sì pé, ni wọ́n ń pè ní ayédèrú.

Àwọn tó wà lókè òkun gbé ọ̀rọ̀ àtúnṣe yìí lọ sọ́dọ̀ òfin. Mọ́tò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, níbi tí aráàlú ti dìbò fún òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe ní 2012. Ìpínlẹ̀ Oregon, l'Amẹ́ríkà kan náà, fòfin de fífi nọ́ńbà so páàtì mọ́ fóònù ní 2024. Láti oṣù Kẹfà 2025, ilé iṣẹ́ tó bá ń gbé fóònù tuntun wá sọ́jà ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ máa pèsè páàtì rẹ̀ fún ọdún 7 lẹ́yìn tí títà rẹ̀ bá dópin, kó sì jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ rí ìwé ìtúnṣe rẹ̀.

Lára irú fóònù bẹ́ẹ̀ yóò dé Àkúrẹ́ ní tòkunbọ̀. Ní tiwa, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 ní kí olùtajà sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù. Ìyẹn ran ẹni tó fẹ́ ra fóònù lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ tú u ṣì ń retí wáyábíìlì.