Mánà Ti Òòjọ́

Ẹ ka: Ẹksodu 16:13-30, Daniẹli 6:10

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà ní aginjù, Ọlọ́run lágbára láti rọ̀jò oúnjẹ ọdún kan fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ti òòjọ́ ni ó ń fún wọn, láràárọ̀, kí oòrùn tó mú. Àfi ọjọ́ kẹfà nìkan, ẹni tí ó bá fi í pamọ́ di ọjọ́ kejì, ìdin ni yóò bá nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ máa jẹ mánà àná. A lọ sí ìṣọ́ òru ní ìparí oṣù, a gbàdúrà títí ohùn wa fi há, a padà délé, Bíbélì wọ inú báàgì, ó di oṣù mìíràn. N kò sọ pé ìṣọ́ òru kò dára o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣé ara rẹ̀ lè le?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níhìn-ín ní Yábàá. Ní ọdún 1973, olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, William Fọlọ́runṣọ́ Kúmúyì, kó akẹ́kọ̀ọ́ 15 jọ sínú ibùgbé rẹ̀ láti máa kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọdún ń gorí ọdún. Ọdún 1982 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ọjọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí ìjọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Deeper Life. Ẹ lè má fara mọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Ìjọ mìíràn ni èmi náà wà. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn ni mo ń tọ́ka sí: ìwọ̀nba ènìyàn, Bíbélì, àti àìdáwọ́dúró.

Ẹ ó ní, “Pásítọ̀, Èkó kò jẹ́ kí n ráyè.” Mo mọ̀. Ẹni tí ó ní láti wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí tí ó ní ìsọ̀ ní Tẹ́júoṣó, àárọ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Nítorí náà, ẹ má fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Orí 16 ni ó wà nínú Ìhìnrere Máàkù. Bí ẹ bá ka orí kan lójúmọ́, kò ní pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ó fi parí rẹ̀. Ẹ mú ẹsẹ kan dání nínú ọkàn yín. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìkòròdú yóò fún yín láyè láti rò ó dáadáa!

Ní alẹ́, kí àwọn ọmọ kà á sí ìyá tí kò mọ̀wé létí, ní èdè Yorùbá. Láti ọdún 1884 ni odidi Bíbélì ti wà ní èdè wa. Bí ẹ bá ń kọjá ní òpópónà Herbert Macaulay, ẹ rántí pé bàbá ìyá ọkùnrin náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wà lára àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, bí ó tilẹ̀ korò. Àwọn kan ń fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ń pe Sáàmù bí ẹni ń pe ọfọ̀, wọn kò sì béèrè ohun tí Olúwa ń bá àwọn fúnra wọn sọ. Oògùn ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe é lójoojúmọ́ fún ogún ọdún kí ó má dàgbà ní ìka kan.

Dáníẹ́lì kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin ọba jáde pé ẹni tí ó bá gbàdúrà yóò wọ ihò kìnnìún, ó lọ sílé, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ níbi tí ó ti ń kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, tàbí tí dókítà ní kí ẹ jókòó kí òun tó sọ̀rọ̀, ibo ni orúnkún yín yóò ti mọ ọ̀nà?

Lọ́la, kí ẹ tó jáde: Máàkù, orí kìíní.