"Ìdìpọ̀" àti "Àrokò" nínú Ìpèsè Ẹ̀yà Ara Ọkọ̀

Ọ̀nà tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń gbà dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ń to mọ́tò kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Bí olùtumọ̀ bá pe gbogbo rẹ̀ ní "ìpèsè ẹ̀yà", akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀, èyíinì ni ohun tí ń mú kí ẹ̀yà gbéra.

Nígbà tí Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, ní 1975, inú àpótí ni ẹ̀yà Beetle ti ń bọ̀ láti ilẹ̀ Bràsíl, ní ìwọ̀n iye ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tò. "Ìpèsè onídìpọ̀" ni orúkọ tí ó yẹ èyí. Ìṣirò àtẹ̀yìnwá ni ó ń gbé ẹrù dìde, kì í ṣe ohun tí wọ́n lò tán lánàá. Bí ẹ̀yà kan bá dín, odindi ọkọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí "ẹ̀yà àfipamọ́" fi ń pọ̀, tí owó sì ń há sínú ilé ìkẹ́rùsí. Láàrin àwọn ọdún 1970 náà, tí ọkọ̀ ojú omi dí èbúté Èkó pa, bàálù ni Peugeot fi ń kó ẹ̀yà láti Lyon wá fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná. Ìyára yìí kò sọ ọ́ di ọ̀nà mìíràn. Ìdìpọ̀ náà ni.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí Taiichi Ohno gbé kalẹ̀ ní Toyota, ní Jàpáánì. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ń lo ẹ̀yà inú àpótí, káàdì ara rẹ̀ a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é, onítọ̀hún a sì ṣe iye tí káàdì wí. Bí káàdì kò bá dé, kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun. "Kanban" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni pátákó àfihàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń kọjá ni pátákó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan pàtó ni a ń fi àrokò ránṣẹ́ sí, nǹkan náà fúnra rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí a rán. Nígbà mìíràn àpótí òfìfo tí ó padà ti tó. Mẹkáníìkì Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá tí ó fún ọmọ iṣẹ́ ní bẹ́líìtì tí ó já pé kí ó mú un lọ bá olùta ti pa irú àrokò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àrokò àtijọ́ a máa ní àṣírí nínú, káàdì Toyota kò sì ní. Àbùkù kékeré nìyí lára "ìpèsè alárokò", kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yà àfipamọ́" kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ìdìpọ̀ nìkan. Ní February 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin tí ń ṣe ẹ̀yà bíréèkì fún Toyota. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wà nílẹ̀, ìtòpọ̀ ọkọ̀ sì dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Alárokò náà ní àfipamọ́ tirẹ̀. Ó kàn kéré ni.