Ilé Ẹlẹ́dẹ̀, Àlàáfíà Àdúgbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ tó ti yí nínú ẹrẹ̀ ń wá ẹni rere tí yóò fi ara yí. Ènìyàn búburú ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀sùn ru ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran yìí kì í láàgùn bí ènìyàn tàbí bí ẹṣin. Bí oòrùn bá mú, omi àti ẹrẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá fún un ní ibòji àti omi tó mọ́, kò ní wá abàtà lọ. Ibi tí ènìyàn bá fi í sí ni ẹ̀gbin rẹ̀ ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní agbègbè àárín gbùngbùn ilẹ̀ Tógò. Ní Sokodé, olú ìlú agbègbè náà, àwọn Tem ló pọ̀ jù, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Tchamba àti ní Kambolé, ìlú tí ìran Yorùbá ń gbé nítòsí ààlà Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láti ayé ìjọba àmúnisìn ni àwọn Kabiyè àti Losso ti ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ wá dáko ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, ẹlẹ́dẹ̀ sì wà lára ohun ìní wọn. Obìnrin tó bá ń pọn ọtí ọkà bàbà, tchoukoutou, a máa fi gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran yìí ni àpótí owó ìdílé: òun ni wọ́n ń tà nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ tàbí owó oògùn bá dé.

Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nílé olówó rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò, bí kò ṣe èyí tó ń jẹ̀ kiri. Nígbà tó bá fi imú kan korobá omi àlùwàlá, tàbí tó gba orí ẹní ìkírun kọjá, ọ̀rọ̀ a di ti ẹ̀sìn. Nígbà tó bá hú ẹ̀gẹ́ olóko, ọ̀rọ̀ a di ti owó.

Ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ kò tóbi. Ó sábà máa ń dúdú, imú rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le. Kì í yára sanra bí ẹlẹ́dẹ̀ funfun Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Large White. Ṣùgbọ́n èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, èérí àgbàdo àti gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó fún un láti gbé ayé. Ẹran funfun ń béèrè oúnjẹ tí a fowó rà. Ọjọ́ tí àgbàdo bá wọ́n, èrè rẹ̀ a pòórá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gùn wọ́n pọ̀ láìronú, tó ń pa gbogbo akọ dúdú nítorí pé wọn kò tóbi, ń sọ ohun tí ọjà kò ní tà padà fún un nù. Ní Sípéènì, ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ìbílẹ̀ tó ń jẹ èso igi óákù nínú pápá ni ẹran itan rẹ̀ wọ́n jù lọ. Àwọn ènìyàn náà mọ iyì ohun tí wọ́n ní.

Ọ̀tá kan wà tí kò yan dúdú kúrò lára funfun. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ní Kẹ́ńyà ní 1921, wọ Côte d'Ivoire ní 1996. Ní 1997 ó dé Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ní 2020, ó ba ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tó wà ní Òkè-Àrò, lẹ́bàá Èkó, jẹ́ gidigidi. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní ìwòsàn. Ẹran tó ń rìn kiri ni í gbé e láti agbo dé agbo; àjẹkù tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú, tí wọn kò sè, náà a máa gbé e.

Èkejì kan ènìyàn fúnra rẹ̀. Aràn gígùn kan, pẹlẹbẹ bí ìgbànú, wà tí a ń kó láti inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ènìyàn jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jẹ ìgbẹ́ náà nínú igbó, aràn a di kókó kéékèèké nínú ẹran ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé ẹyin yìí mì nínú omi tàbí ewébẹ̀, kókó náà lè wọ ọpọlọ rẹ̀, kó sì di wárápá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ní ọ̀pọ̀ ibi tí aràn yìí ti gbilẹ̀, òun ló fa nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn tó ní wárápá. Àìsàn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní èpè ní okùnfà tí ojú rí.

Kí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ má sì rò pé kò kan òun. Ní 1992, àwọn dókítà kọ ìròyìn nípa àwọn Júù ní New York tí àìsàn yìí mú, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kò kan ẹnu wọn rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé tó gbé aràn náà sínú ló kó o ràn wọ́n. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ kì í béèrè ẹ̀sìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára àgbẹ̀. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni àkọ́kọ́: ògiri amọ̀ tàbí igi líle, òrùlé koríko tó ní ibòji, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ kí ìtọ̀ lè ṣàn, ìkòkò omi tí kò gbẹ, koríko gbígbẹ tí abo yóò fi tẹ́ ibùsùn kó tó bímọ. Oyún rẹ̀ gba oṣù 3, ọ̀sẹ̀ 3 àti ọjọ́ 3. Ṣáláńgá ni èkejì, kí ìgbẹ́ má baà wà ní gbangba. Kí wọ́n se àjẹkù kó tó di oúnjẹ ẹran. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kí ó dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ń rà lọ́jà, kí ó wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀ bóyá kókó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìrí kókó kò ní kí wọ́n má se ẹran náà jinná.

Ilé kò sì gbọdọ̀ di ẹ̀wọ̀n. Ní Yúróòpù, wọ́n ti fi irin há abo tó lóyún mọ́ débi pé kò lè yí padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1999, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ní láti 2013 kí àwọn abo náà máa gbé pọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà oyún. Ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́n, ó fẹ́ fi imú tú ilẹ̀, ó fẹ́ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni dídì í lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn alùpùpù nínú oòrùn kò dára. Ẹran tí ẹ̀rù àti ooru ti dà láàmú kó tó kú a máa rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀, omi a sì máa jáde lára rẹ̀. Ìwà ìkà náà ń jẹ nínú owó alápatà.

Mùsùlùmí Kambolé kò ní torí èyí jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Kabiyè Tchamba kò sì ní torí rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì lè jọ fẹ́ ni ilé tó ní ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ní ibòji, omi àti oúnjẹ nílé olówó rẹ̀ kò ní wá ẹnikẹ́ni tí yóò fi ara yí.