Ṣé o mọ̀? Ẹni tó ń ra kámẹ́rà onífíìmù ló ń sọ iye rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ará Ìkirè lè tètè lóye ọjà kámẹ́rà àlòkù? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíì ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà àtijọ́: ohun tí ẹnì kan fẹ́ dà nù, ẹlòmíì ń fi owó gidi rà á.

Oríṣi oníbàárà méjì ló ń gbé owó kámẹ́rà onífíìmù sókè. Ẹni tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wo nọ́ńbà ara rẹ̀, páálí tó bá a wá, àti ọwọ́ ẹni tó ti lò ó rí. Lọ́dún 2022, wọ́n lu Leica tí Oskar Barnack, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà Leica, fúnra rẹ̀ lò ní gbàǹjo ní Wetzlar, Jámánì. Mílíọ̀nù 14.4 owó yúrò ló lọ! Ẹni tó fẹ́ ya fótò ní tirẹ̀ ń wá èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbajúmọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Kendall Jenner, fi kámẹ́rà Contax T2 rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, kíá ni owó irú kámẹ́rà náà fò sókè.

Nítorí náà, bí kámẹ́rà bàbá onífótò bá ṣì wà nínú àpótí ní Ìkirè tàbí Apòmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í fún ọmọdé ṣeré. Ẹ gbé awò rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ta bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, èébu ni. Ọ̀rinrin ló fà á, ó sì ń já owó lulẹ̀ lójú oníbàárà méjèèjì. Páálí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sun ún.